Bọ́tìnì boost nínú ọkọ̀ onítọ́bò: bí ẹ ṣe lè ṣe é tí ẹ́ńjìnì kò fi ní bàjẹ́

Ohun tí ọ̀pọ̀ ẹni tó ní ọkọ̀ onítọ́bò ń fẹ́ ni bọ́tìnì kékeré kan fún boost (agbára afẹ́fẹ́ tí tọ́bò ń tì sínú ẹ́ńjìnì) lẹ́gbẹ̀ẹ́ stíárì, tí wọ́n á yí wálẹ̀ nínú sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ Nyanya ní Abuja, tí wọ́n á sì yí sókè nígbà tí ọ̀nà bá là. Wọ́n á gbé ọkọ̀ lọ sí Apo tàbí Kugbo, rewáyà á so wáyà mẹ́ta pọ̀, bọ́tìnì á sì dúró síbẹ̀ rèterète. Lẹ́yìn náà ni wàhálà á bẹ̀rẹ̀. Nígbà mìíràn bọ́tìnì kò ní ṣe nǹkan kan rárá. Nígbà mìíràn boost á máa gùn kọjá ibi tó yẹ, ẹ́ńjìnì á sì máa já lójijì bí ẹsẹ̀ bá ti wọlé. Èyí tó burú jù ni kí pístìn yọ́.

Gbogbo rẹ̀ ti ibì kan wá: wọ́n kọ́ bọ́tìnì náà kó máa fi agbára kún ẹ́ńjìnì. Ẹ má kọ́ ọ bẹ́ẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ wá òpin òkè tí ẹ́ńjìnì yín lè gbà láìséwu, ẹ tún epo àti iná plọ́ọ̀gù ṣe fún ibẹ̀, ẹ tì í pa sínú brain box (kọ̀ǹpútà tó ń darí ẹ́ńjìnì). Lẹ́yìn ìyẹn ni kí bọ́tìnì máa yọ kúrò nínú rẹ̀. Bí wáyà bá já tàbí bí bọ́tìnì bá bàjẹ́, kí boost wálẹ̀ fúnra rẹ̀.

Brain box tó gba àtúnṣe láti orí kọ̀ǹpútà alágbèéká ni mò ń sọ nípa rẹ̀ níbí: MegaSquirt, Speeduino, Link, Haltech àti irú wọn. Èyí tó bá ọkọ̀ wá láti ilé iṣẹ́ yàtọ̀. Nínú Golf àti Passat 1.8T tó ń lo Bosch ME7, iye iṣẹ́ tí awakọ̀ béèrè ni brain box kọ́kọ́ ń ṣírò kó tó pinnu boost, kò sì sí ojú wáyà tó ṣófo tó ń dúró de bọ́tìnì yín. Bí irú rẹ̀ ni ẹ ní, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi rẹsístọ̀ tan sẹ́ńsọ̀ boost jẹ. Sẹ́ńsọ̀ yẹn kan náà ni brain box fi ń mọ ìgbà tí boost ti pọ̀ jù. Tí ẹ bá pa á lójú, kò sí ẹni tó máa gba ẹ́ńjìnì sílẹ̀ mọ́.

kPa ni màá fi wọn nǹkan. 100 kPa ni bar 1, bíi 14.5 psi tí fọ́kànáísà ń lò fún táyà. Iye boost tí mo bá dárúkọ jẹ́ èyí tó lé lórí afẹ́fẹ́ ìta, àfi ibi tí mo bá ti sọ pé àpapọ̀ ni.

Ohun tí ẹ nílò

- Sọ́lénọ́ìdì boost (fáàfù afẹ́fẹ́ tí iná ń ṣí tó ń pa) oníhò mẹ́ta, 12 fóltì. Irú èyí tí VW ń pè ní N75 náà lè ṣiṣẹ́ yìí.
- Fólúùmù kan (òun ni bọ́tìnì náà), irú èyí tí àwọn tó ń tún rédíò ṣe ń tà, tí wọ́n kọ B10K sí lára. Bí ẹ bá rí A10K, ẹ dá a padà. Àwọn tí wọ́n kọ A sí lára ń sáré ní apá kan, wọ́n á sì máa fà ní apá kejì, ẹ kò sì ní mọ ibi tí ẹ wà.
- Rẹsístọ̀ 1k méjì, àti 100k ẹyọ kan.
- Hóòsì silikóònù tó lè gba ooru, bíi 4 mm nínú, pẹ̀lú kílíìpù fún gbogbo ẹnu rẹ̀.
- Fíúsì 5 A pẹ̀lú ilé rẹ̀.
- Sẹ́ńsọ̀ wideband nínú ẹ̀sọ́ọ̀sì, tó ń wọn ìpín afẹ́fẹ́ sí epo. Láìsí èyí, ẹ má bẹ̀rẹ̀.
- MAP sensor (sẹ́ńsọ̀ tó ń ka boost) tó lè ka ju òpin òkè yín lọ. Èyí tó wọ́pọ̀ nínú MegaSquirt ń ka àpapọ̀ tó tó 250 kPa, ó sì tó fún ọ̀pọ̀ ẹ́ńjìnì.
- Mítà, kọ̀ǹpútà alágbèéká, àti ẹnìkejì tó máa jókòó tì yín nínú ọkọ̀.

Epo náà wà lára ohun èlò. Ìwé àwọn aláwọ̀ funfun á ní kí ẹ ra 95 tàbí 98, ṣùgbọ́n ní ọ̀pọ̀ ilé epo tiwa, oríṣi bẹntiróòlù kan ṣoṣo ló ń jáde lẹ́nu pọ́ọ̀ǹpù. Ilé epo tí ẹ máa ń rà lójoojúmọ́ ni kí ẹ ti ra èyí tí ẹ máa fi ṣiṣẹ́. Ẹ má fi epo inú kẹ́ẹ̀gì ẹ̀bá títì tún ẹ́ńjìnì onítọ́bò ṣe láéláé. Ẹ kò mọ ohun tí wọ́n pò mọ́ ọn.

Ìpele 1: Ẹ mọ ibi tí sípíríǹgì wastegate dúró sí

Wastegate ni ilẹ̀kùn onísípíríǹgì tó ń tú èéfín kúrò lójú tọ́bò kí boost má bàa pọ̀ jù. Ẹ yọ gbogbo ohun tí ẹni tó ni ọkọ̀ tẹ́lẹ̀ ti so mọ́ hóòsì rẹ̀. Tókunbọ̀ mìíràn máa ń wọlé pẹ̀lú fáàfù kékeré onísukúrù láàárín hóòsì yìí. Bí ẹ bá fi í sílẹ̀, bọ́tìnì yín kò ní lè mú boost wálẹ̀ ju ibi tí fáàfù náà gbé e sí lọ. Ẹ so hóòsì kan ṣoṣo láti ẹnu tọ́bò tààrà lọ sí wastegate.

Ẹ yẹ plọ́ọ̀gù, fílítà afẹ́fẹ́ àti gbogbo páìpù láti tọ́bò dé ẹ́ńjìnì wò. Páìpù tó bá ń jò á mú kí tọ́bò máa ṣe làálàá lásán, ẹ ó sì rò pé sọ́lénọ́ìdì ló ń ṣe é. Lẹ́yìn náà, ẹ wa ọkọ̀ ní jíà kẹta láti bíi 2,500 rpm, ẹ tẹ ẹsẹ̀ dé ìsàlẹ̀, kí brain box máa kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Ibi tí boost bá dúró sí ni agbára sípíríǹgì náà. Nínú àpẹẹrẹ tí màá máa lò, ó jẹ́ 50 kPa.

Ibí yìí ni kí ẹ ti dúró tí boost kò bá dúró. Bó bá ń gun òkè díẹ̀díẹ̀ bí rpm ti ń pọ̀ sí i, ihò wastegate kò tó, tàbí ẹnì kan ti fún ọ̀pá rẹ̀ jù. Kò sí bọ́tìnì tó lè wo irú rẹ̀ sàn. Ẹ tún un ṣe kí ẹ tó tẹ̀síwájú.

Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò: ẹ tún un ṣe ní ìgbà bíi mẹ́ta. Iye kan náà ló yẹ kó jáde, kó má fi ju 2 tàbí 3 kPa lọ yàtọ̀ síra.

Ìpele 2: Sọ́lénọ́ìdì àti hóòsì

Ihò mẹ́ta ló wà lára rẹ̀: ọ̀kan fún afẹ́fẹ́ tó ń bọ̀ láti tọ́bò, ọ̀kan fún wastegate, ọ̀kan fún ìtúsílẹ̀. Ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé nọ́ńbà tí wọ́n kọ sí ara rẹ̀, nítorí ilé iṣẹ́ kan kò kọ ọ́ bí èkejì ṣe kọ ọ́. Ẹ fi ẹnu fẹ́ ẹ. Nígbà tí iná kò sí lára rẹ̀, ihò méjì péré ni afẹ́fẹ́ ń gbà kọjá láàárín wọn. Ẹ fi iná 12 fóltì sí i, ẹ tún fẹ́ ẹ: ọ̀kan nínú méjì yẹn á ti pa, èyí tó kù á sì ṣí sí ihò kẹta. Èyí tó ń bá àwọn méjèèjì sọ̀rọ̀, yálà iná wà tàbí kò sí, ni ti wastegate. Èyí tó ń bá a sọ̀rọ̀ nígbà tí iná kò sí ni ti tọ́bò. Èyí tó ṣẹ́kù ni ìtúsílẹ̀.

Bí ẹ bá so ó báyìí, tí iná bá kú lára sọ́lénọ́ìdì, afẹ́fẹ́ tọ́bò á lọ bá wastegate tààrà, boost á sì wá sí 50 kPa. Bí ẹ bá so ó sódì, iná kíkú á túmọ̀ sí boost tí kò ní òpin.

Ẹnu tọ́bò ni kí ẹ ti mú afẹ́fẹ́ náà, kì í ṣe inú manifold (ibi tó ń pín afẹ́fẹ́ sínú ẹ́ńjìnì), nítorí manifold máa ń fà sínú nígbà tí ẹsẹ̀ kò bá wọlé. Ẹ gbé sọ́lénọ́ìdì jìnnà sí ooru tọ́bò, kí hóòsì kúrú bó bá ti lè kúrú tó. Ihò ìtúsílẹ̀ ń kọ́? Àwọn kan máa ń fi fílítà kékeré dí i lẹ́nu. Ní apá àríwá níbí, mo fara mọ́ kí ẹ dá a padà sínú páìpù tó wà láàárín fílítà afẹ́fẹ́ àti tọ́bò, nítorí eruku ọyẹ́ kò ní ṣàánú fílítà kékeré yẹn. Bí ọkọ̀ bá ní MAF (sẹ́ńsọ̀ tó ń wọn afẹ́fẹ́ tó ń wọlé), ẹ̀yìn MAF ni kí ó wọlé sí.

Kílíìpù sí gbogbo ẹnu hóòsì, ẹ jọ̀ọ́. Hóòsì wastegate tó yọ wà lára àbùkù tó ń gbé boost sókè nínú iṣẹ́ yìí.

Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò: ẹ fi sọ́lénọ́ìdì sílẹ̀ láìso iná mọ́ ọn, kí ẹ tún wa ọkọ̀ náà. Iye tí ẹ rí ní ìpele 1 ló gbọ́dọ̀ jáde. Bó bá pọ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ, hóòsì ti yí sódì.

Ìpele 3: Iná sọ́lénọ́ìdì

Wáyà kan láti ibi tí iná ti ń wá nígbà tí kọ́kọ́rọ́ bá wà ní ON, ó gba inú fíúsì 5 A kọjá. Wáyà kejì lọ sí ojú tí brain box fi ń darí boost. Sọ̀rọ̀ sókè fún rewáyà yín: kì í ṣe láti ẹ̀yìn rédíò, kì í ṣe láti iná fánà. Ẹ fi mítà wọn sọ́lénọ́ìdì náà kí ẹ tó so ó. 20 sí 35 óòmù ni ó sábà máa ń jẹ́, iná tó ń gbà kò sì ju bíi 0.7 A lọ. Ẹ wo ìwé brain box yín bóyá ojú tí ẹ ń lò lè gbé ìyẹn. Ojú mìíràn wà fún rílè nìkan.

Nínú kọ̀ǹpútà, ẹ yan frequency (iye ìgbà tí iná ń tan tó ń kú ní ìṣẹ́jú àáyá kan) tó wà láàárín 20 sí 30 Hz. Lẹ́yìn náà, ẹ wá ibi ìdánwò ẹ̀rọ nínú sọ́fúwíà, kí ẹ sì fún un ní duty 50, ìyẹn kí iná wà lára rẹ̀ fún 50 nínú 100 àkókò. Ẹ ó gbọ́ tí ó ń ta tẹ́tẹ́tẹ́ lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì.

Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò: ẹ dá duty padà sí 0. Ó gbọ́dọ̀ dákẹ́, mítà kò sì gbọdọ̀ rí fóltì kankan láàárín ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì. Bí mítà bá rí 12 fóltì ní duty 0, wọ́n ti yí ìṣètò rẹ̀ sódì nínú sọ́fúwíà. Ẹ má wakọ̀ náà jáde bẹ́ẹ̀.

Ìpele 4: Bọ́tìnì fúnra rẹ̀

Ibí ni mo fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ sí jù, nítorí ibí ni iṣẹ́ oníkíákíá ti ń pa ẹ́ńjìnì.

Fólúùmù ní ẹsẹ̀ mẹ́ta. Ẹsẹ̀ kan ní ìpẹ̀kun ń gba 5 fóltì, ẹsẹ̀ kejì ní ìpẹ̀kun ń lọ sí gíráǹdì sẹ́ńsọ̀, ti àárín ni ó ń gbé ìròyìn lọ sínú brain box. 5 fóltì náà gbọ́dọ̀ jẹ́ ti brain box, èyí tó ń fún TPS (sẹ́ńsọ̀ tó ń mọ bí ẹsẹ̀ ṣe wọlé tó) àti MAP sensor ní iná. Ẹ má mú un láti ara ohun tí a fi ń chájì fóònù. Gíráǹdì náà gbọ́dọ̀ jẹ́ gíráǹdì sẹ́ńsọ̀, kì í ṣe ara ọkọ̀, nítorí bí fáànù radiétọ̀ bá ti tan, gíráǹdì ara ọkọ̀ á mì, boost yín á sì mì pẹ̀lú rẹ̀.

Ẹ fi rẹsístọ̀ 1k kan sí ojú wáyà 5 fóltì, ẹ fi 1k kejì sí ojú wáyà gíráǹdì. Èyí tó wà lójú 5 fóltì, ẹ̀gbẹ́ brain box ni kí ẹ gbé e sí, kì í ṣe lẹ́gbẹ̀ẹ́ bọ́tìnì. Ìdí ni pé bí irin dáṣíbọ́ọ̀dù bá gé ara wáyà náà lọ́jọ́ kan, tó sì kan ara ọkọ̀, iná tó máa kọjá kò ní ju 5 mA lọ. Láìsí rẹsístọ̀ yẹn, 5 fóltì gbogbo sẹ́ńsọ̀ á wó lulẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, ẹ́ńjìnì á sì kú lójú ọ̀nà Kaduna.

Rẹsístọ̀ 100k lọ sí àárín wáyà ìròyìn àti gíráǹdì sẹ́ńsọ̀, lẹ́nu brain box. Bí wáyà ìròyìn bá já, òun ló máa fa ìròyìn wá sí 0.

Ó ku ẹ̀gbẹ́ tí bọ́tìnì ń yí sí. Ó wu ọ̀pọ̀ ènìyàn kí fóltì gíga jẹ́ boost gíga. Ẹ yí i padà: kí fóltì gíga jẹ́ boost tó kéré. Ẹ wo ohun tó ń ṣẹlẹ̀. Bí wáyà gíráǹdì bá já, fóltì á gòkè, ó lè dúró sí bíi 4.5, iye tó dà bí pé kò sí àbùkù kankan. Nínú ètò tí ó wu àwọn ènìyàn, boost tó ga jù lọ ni brain box máa rò pé ẹ béèrè. Nínú èyí tí mo sọ, boost tó kéré jù lọ ni. Bí wáyà 5 fóltì bá já, ìròyìn á bọ́ sí 0, a ó sì kọ 0 sí àbùkù nínú brain box. Ibi yòówù tí wáyà bá ti já, ìsàlẹ̀ ni boost ń lọ. Nítorí náà, ẹ so ó kí yíyí sí ọwọ́ òsì, tí í ṣe ìsàlẹ̀, máa fún yín ní bíi 4.5 fóltì, kí yíyí sí ọwọ́ ọ̀tún tán máa fún yín ní bíi 0.4.

Ojú wáyà kan wà tí ẹ kò gbọdọ̀ lò: ojú sẹ́ńsọ̀ ooru. Ó ní rẹsístọ̀ tirẹ̀ nínú, tó ń fa fóltì sókè, ìwọ̀n yín á sì wọ́. Ẹ wá ojú ànálọ́ọ̀gù 0 sí 5 fóltì tó mọ́.

Ibi tí ẹ máa gbé bọ́tìnì sí náà ṣe pàtàkì. Orúnkún kò gbọdọ̀ kàn án, ọmọdé tó jókòó níwájú kò sì gbọdọ̀ lè fi ṣeré.

Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò: pẹ̀lú kọ́kọ́rọ́ ní ON, ẹ́ńjìnì ní pípa, ẹ yí bọ́tìnì láti òsì dé ọ̀tún. Mítà yẹ kó lọ láti bíi 4.5 dé bíi 0.4, kó kọjá bíi 2.4 ní àárín, láì fò. Lẹ́yìn náà, ẹ yọ wáyà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí ẹ wo ohun tí kọ̀ǹpútà kà. Bíi 4.5 sókè, tàbí 0: kò sí ohun mìíràn tó gbọ́dọ̀ jáde.

Ìpele 5: Ẹ kọ́kọ́ ti ilẹ̀kùn pa nínú brain box

Kí ẹ tó béèrè fún boost kankan, ẹ kọ òpin tó ń já ẹ́ńjìnì sílẹ̀, ìyẹn ibi tí brain box á ti dá ẹ́ńjìnì dúró bí boost bá kọjá rẹ̀. Ní báyìí tí sípíríǹgì jẹ́ 50, ẹ fi ìjá sí 65 kPa. Ẹ ó máa gbé e sókè díẹ̀díẹ̀ bí iṣẹ́ bá ti ń lọ, kí ó má jìnnà ju 15 kPa sí iye tí ẹ ń dán wò. Ẹ fi kún un pé bí afẹ́fẹ́ tó ń wọ ẹ́ńjìnì bá gbóná ju 60°C lọ, kí duty padà sí 0.

Lẹ́yìn náà, ẹ kọ ohun tí bọ́tìnì túmọ̀ sí. Iye tí mítà yín kà gan-an ni kí ẹ lò, nítorí fólúùmù olówó pọ́ọ́kú kì í bá ara wọn mu. Ìdá níbí jẹ́ ìpín nínú 100 ti àyè tó wà láàárín boost sípíríǹgì àti òpin òkè. Ti àpẹẹrẹ wa nìyí:

0 sí 0.2 fóltì: ìdá 0 (àbùkù ni)
0.4 fóltì: ìdá 100
1.4 fóltì: ìdá 75
2.4 fóltì: ìdá 50
3.5 fóltì: ìdá 25
4.5 sí 5 fóltì: ìdá 0

Ẹ wo táábù epo àti táábù iná plọ́ọ̀gù náà, ìyẹn àtẹ nọ́ńbà tí brain box fi ń mọ iye epo àti àkókò iná. Àwọn ojú inú wọn gbọ́dọ̀ dé ibi tó ga ju òpin òkè tí ẹ ń retí lọ, ó kéré tán pẹ̀lú 20 kPa. Bí boost bá fò díẹ̀, orí nọ́ńbà tí ẹnì kan ti ronú sí ló yẹ kó bọ́ sí.

Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò: ẹ yí bọ́tìnì, kí ẹ wo ìdá lójú kọ̀ǹpútà. Ẹ fa wáyà ìròyìn yọ. Ìdá gbọ́dọ̀ di 0 lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀.

Ìpele 6: Ẹ wá òpin òkè

Bí ẹ bá rí ibi tí dyno (ẹ̀rọ tí wọ́n ń gbé ọkọ̀ lé láti wọn agbára rẹ̀) wà, ẹ lo ó. Bí kò bá sí, ọ̀nà tó ṣófo tó ń gòkè díẹ̀ ló dára, nítorí òkè ń jẹ́ kí tọ́bò ṣiṣẹ́ láìjẹ́ pé eré pọ̀. Òpópónà Kubwa kò yẹ fún un, bó ti wù kó fẹ̀ tó. 100 km/h ni òfin fún ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ ní òpópónà márosẹ̀, jíà kejì àti ìkẹta sì tó láti rí gbogbo ohun tí ẹ ń wá láì kọjá rẹ̀. Ẹnì kan ń wakọ̀, ẹnìkejì ń wo kọ̀ǹpútà. Ẹni tó di stíárì mú kò gbọdọ̀ wo nǹkan mìíràn ju ojú ọ̀nà lọ.

Bọ́tìnì wà ní ọ̀tún pátápátá ní gbogbo ìpele yìí. Ẹ bẹ̀rẹ̀ ní duty 20. Ó ṣeé ṣe kí ẹ má rí ìyàtọ̀ púpọ̀ sí ti sípíríǹgì, bó ṣe máa ń rí nìyẹn. Ẹ máa fi 5 kún un ní ìgbà kọ̀ọ̀kan, kí ẹ ka àkọsílẹ̀ kí ẹ tó tún fi kún un. Ẹ má fo ìgbésẹ̀ kankan: duty kì í gòkè ní ìlà títọ́, 5 kan lè mú 3 kPa wá, 5 tó tẹ̀ lé e á sì mú 12.

Ohun tí ẹ ń wò nínú àkọsílẹ̀ kọ̀ọ̀kan:

Afẹ́fẹ́ sí epo lórí wideband: 11.5 sí 12.0 lábẹ́ boost. Bó bá ti ń lọ sí 12.5, epo kò tó. Ẹ fi ẹsẹ̀ sílẹ̀, ẹ tún táábù ṣe.

Injector (ẹnu tó ń fọ́n epo): kó má ṣí ju ìdá 85 nínú 100 àkókò lọ. Bó bá ti dé ibẹ̀, kò sí àyè mọ́, àfi kí ẹ ra èyí tó tóbi jù.

Detonation: epo tó ń bú fúnra rẹ̀ kí ọwọ́ iná plọ́ọ̀gù tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ìró rẹ̀ dà bí òkúta wẹ́wẹ́ tí wọ́n ń mì nínú agolo. Ẹ má dúró dé ìgbà tí etí lásán bá gbọ́ ọ. Ẹ lo knock sensor tàbí ẹ̀rọ ìgbọ́ròó tí wọ́n so mọ́ búlọ́ọ̀kù ẹ́ńjìnì. Bó bá ta lẹ́ẹ̀kan péré, ẹ dá duty padà, kí ẹ sì fa àkókò iná plọ́ọ̀gù sẹ́yìn ní ibi tó ti ta. Nínú gbogbo ohun tí mo kà sílẹ̀ níbí, òun ló ń pa pístìn jù, epo tiwa kò sì fún yín ní àyè púpọ̀ kó tó dé.

Bí ẹ́ńjìnì bá ń kọ́ lókè láìsí detonation, ó lè jẹ́ pé boost ń fẹ́ iná plọ́ọ̀gù pa. Ẹ dín àlàfo ẹnu plọ́ọ̀gù kù sí bíi 0.7 mm, kí ẹ tún un gbìyànjú.

Ibi tí ọ̀kan nínú wọn bá ti kọ́kọ́ sọ pé ó tó, ibẹ̀ ni kí ẹ ti yọ 5 sí 10 kPa kúrò, kí ẹ sì pè é ní òpin òkè. Ọ̀sán gangan ni kí ẹ ṣe ìdánwò tó kẹ́yìn, nígbà tí ooru bá mú. Òpin òkè tí wọ́n rí ní òwúrọ̀ kùtù kò ní dúró nínú ooru oṣù kẹta àti oṣù kẹrin. Ká sọ pé tiwa jẹ́ 85 kPa, ní duty 45. Ẹ fi ìjá sí 97.

Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò: ẹ wa ọkọ̀ lẹ́ẹ̀mẹta tẹ̀ lé ara wọn láìsinmi púpọ̀. Bí ìkẹta bá mọ́ bí àkọ́kọ́, òpin òkè yín dúró. Lẹ́yìn náà, ẹ tú plọ́ọ̀gù kí ẹ wò ó. Àmì funfun tó ń dán, tàbí èérún wẹ́wẹ́ bí orí abẹ́rẹ́ lára rẹ̀, túmọ̀ sí pé ẹ padà sẹ́yìn.

Ìpele 7: Ẹ fún bọ́tìnì níṣẹ́

Ìyàtọ̀ láàárín sípíríǹgì àti òpin òkè wa jẹ́ 35 kPa. Bọ́tìnì ń pín 35 yìí nìkan: ìdá 0 jẹ́ 50 kPa, 25 jẹ́ 59, 50 jẹ́ 68, 75 jẹ́ 76, 100 jẹ́ 85. Bí brain box yín bá ń lo boost target (iye boost tí brain box fúnra rẹ̀ ń lépa), ẹ kọ iye wọ̀nyí sínú rẹ̀. Bó bá jẹ́ duty nìkan ló mọ̀, ẹ ní láti wá duty tó ń mú iye kọ̀ọ̀kan jáde lójú ọ̀nà. Ẹ má pín 45 sí mẹ́rin lásán, nítorí ohun tí mo sọ nípa ìlà títọ́ lókè.

Ẹ fi duty lásán wakọ̀ fún bíi ọ̀sẹ̀ kan kí ẹ tó jẹ́ kí brain box fúnra rẹ̀ máa lépa target. Nígbà tí ẹ bá ṣí ìyẹn sílẹ̀, ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú P kékeré, I ní 0, D ní 0. Nọ́ńbà mẹ́ta tó ń sọ bí brain box ṣe ń lépa nìwọ̀nyí: P fún àlàfo tó wà báyìí, I fún èyí tó ti kó jọ, D fún bó ṣe ń yára yí padà. Ẹ fi P kún un títí boost á fi bẹ̀rẹ̀ sí í jó sókè-sódò, kí ẹ padà sẹ́yìn, kí ẹ tó fi I díẹ̀ kún un. Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù ni kí I máa kó jọ nígbà tí tọ́bò ṣì ń gbéra. Nígbà tí boost bá fi dé, I á ti tì í kọjá target. Ẹ sọ fún brain box kí ó má bẹ̀rẹ̀ sí í lépa títí boost á fi sún mọ́ target tó 20 kPa.

Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò: ní ipò bọ́tìnì márààrún, boost kò gbọdọ̀ fò kọjá target ju 5 kPa lọ. Kí ẹ sì yí bọ́tìnì wálẹ̀ nígbà tí boost bá wà lókè. Ó yẹ kó tẹ̀ lé yín láì já.

Ìpele 8: Ooru, Jos àti ọyẹ́

Ọkọ̀ tí wọ́n tún ṣe ní Abuja kò ní wà ní Abuja nìkan. Jos ga tó bíi mítà 1,200. Afẹ́fẹ́ ìta níbẹ̀ jẹ́ bíi 88 kPa. Ti Abuja jẹ́ bíi 96. Bí brain box yín bá ń ka target ní àpapọ̀, tí ẹ sì kọ 181 kPa sí i, 85 ni tọ́bò ń ṣe ní Abuja. Ní Jos, 93 ló máa ní láti ṣe kó tó dé iye kan náà. Á yára ju bó ṣe yẹ lọ, afẹ́fẹ́ tó ń jáde nínú rẹ̀ á sì gbóná sí i, ní ojú òkè gígùn bíi Hawan Kibo tí ẹsẹ̀ kì í kúrò nílẹ̀. Ẹ kọ ọ́ kí target máa wálẹ̀ bí afẹ́fẹ́ ìta bá ti ń wálẹ̀, kí tọ́bò má ṣe ju 85 lọ níbikíbi.

MegaSquirt tí kò ní sẹ́ńsọ̀ afẹ́fẹ́ ìta tirẹ̀ máa ń ka afẹ́fẹ́ ìta lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, nígbà tí ẹ bá tan kọ́kọ́rọ́. Ẹni tó tan ọkọ̀ ní Abuja tí kò pa á títí ó fi gun Hawan Kibo, afẹ́fẹ́ Abuja ni brain box rẹ̀ ṣì ń rò. Sẹ́ńsọ̀ kejì ló dára jù. Bí kò bá sí, ẹ pa ẹ́ńjìnì kí ẹ tún un tan ní ẹsẹ̀ òkè àti ní orí rẹ̀, kí bọ́tìnì sì wà ní òsì títí ẹ ó fi dé.

Ooru Maiduguri, Sokoto àti Kano máa ń kọjá 40°C kí òjò tó bẹ̀rẹ̀. Afẹ́fẹ́ tó gbóná báyìí kó tó wọ tọ́bò kò ní pẹ́ dé 60 tí ẹ kọ sílẹ̀. Bó bá ń ṣẹlẹ̀ lemọ́lemọ́, ẹ fọ intercooler (radiétọ̀ tó ń mú afẹ́fẹ́ tọ́bò tutù), kí ẹ sì wo bóyá afẹ́fẹ́ ń ráyè kọjá lára rẹ̀. Ẹ má gbé 60 náà sókè.

Nígbà ọyẹ́, ìdàkejì ló ń ṣẹlẹ̀ ní òwúrọ̀: afẹ́fẹ́ tutù, ó sì kún. Duty kan náà lè mú boost tó ga jù wá. Eruku náà ń dí fílítà, tọ́bò á sì máa fà pẹ̀lú ìnira. Ẹ yẹ fílítà wò ní ọ̀sẹ̀ méjì-méjì láti oṣù kọkànlá dé oṣù kejì, ẹ yọ hóòsì sọ́lénọ́ìdì, kí ẹ fẹ́ ẹ bí ẹ ti fẹ́ ẹ ní ìpele 2.

Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò: ní òwúrọ̀ ọyẹ́ tó tutù jù, lẹ́yìn tí omi ẹ́ńjìnì bá ti gbóná dáadáa, ẹ yí bọ́tìnì sí ọ̀tún, kí ẹ wakọ̀ lẹ́ẹ̀kan ní jíà kẹta pẹ̀lú àkọsílẹ̀. Bí boost bá kọjá 90, ẹ yọ 2 tàbí 3 kúrò nínú duty ní ojú ibi tí afẹ́fẹ́ ti tutù, kí ẹ tún un wò ní ọjọ́ kejì.